Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Olúwa Dá Ọmọ Mi Sí

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ikú fẹ́ mú lọ, Ọlọ́run ò gbà fún un.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Àwọn ẹbí ní jẹ̀dí ni, wọ́n ń fi àgbo ránṣẹ́. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé ulcerative colitis ni, ìfun ńlá ló wú tó sì dọgbẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ wá kìlọ̀ fún wa pé bí àìsàn yìí bá ti gbéra sọ, ẹ̀jẹ̀ a máa yára dì: ó lè dì ní ẹsẹ̀, ó lè dì nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè dì nínú ọpọlọ.

Mo lọ kí wọn, àìsàn náà sì tún dé. Ó yàgbẹ́ títí omi ara rẹ̀ fi gbẹ, orí wá ń fọ́ ọ, kò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ lọ́. Mo pariwo “Jésù!”, ọkọ rẹ̀ ti ń pe 999. Bí àwọn áńbúláǹsì ṣe wọlé ni ọkọ rẹ̀ ti sọ fún wọn pé ìyàwó òun ní àrùn ìfun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ọlọ́run lò! Torí ẹ̀ ni dókítà fi ní kí wọ́n ya àwòrán iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọpọlọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ti dì.

Wọ́n ní heparin làwọn máa fún un, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i. Àyà mi já. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nídìí rẹ̀! Dókítà jókòó tì mí, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé: ẹ̀jẹ̀ ìdí, àwọn á máa ṣọ́ ọ, èyí tó dì lórí ló lè tètè pa á. Mo gbàdúrà mọ́ abẹ́rẹ́ yẹn bí ó ṣe ń wọlé.

Mo ti ń wádìí láti ìgbà náà. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ ní Sweden gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó lé ní 85,000 tó ní irú àrùn ìfun yìí. Ewu rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò ní í rí i rárá, kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ti ìfun fún dókítà, kódà bó bá jẹ́ orí ló ń fọ́ yín.

Ọmọ mi ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọlọ́run bù kún nọ́ọ̀sì yẹn, kò ní í sunkún ọmọ láé. Halelúyà!