Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ríra họ́mù tíátà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n

Bí ẹnikẹ́ni ní Kàbà níbí bá fẹ́ ra họ́mù tíátà, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bi mí ni pé wáàtì mélòó ni kí òun rà. Iye wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kọ́ ni ó yẹ kí a fi pinnu. Láti ọdún pípẹ́ tí mo ti ń ra sípíkà fún ilé ara mi, tí mo sì ń bá àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ láti Mọ̀pà títí dé Ìsánlú yan tiwọn, ohun tí ó dá mi lójú jù lọ ni pé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ra ohùn tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń mọ́ gaara, kí ó tó ronú kan ariwo àti iye sípíkà.

Ẹ óò rí PMPO lára páálí, tí iye rẹ̀ máa ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Agbára ìṣẹ́jú àáyá bíńtín nìyẹn, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ náà lè gbé títí fíìmù yóò fi parí. RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé láìdáwọ́ dúró, ni kí ẹ wá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ ka àkọlé kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti wọlé. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé 60W ni iná tí ó ń jẹ, kò sí bí ó ṣe lè máa mú ohùn 1,000W jáde, nítorí agbára tí kò wọlé kò lè jáde. Bí ẹ bá tilẹ̀ sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe lọ sókè tó) 3 péré ni ohùn fi ń lọ sókè, ìyẹn kò sì tó nǹkan létí.

Nínú họ́mù tíátà 5.1, sípíkà márùn-ún ló wà pẹ̀lú wúfà kan tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ (béèsì), sípíkà àárín ló sì ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń ṣe èyí tí kò wọ́n ti máa ń fi nǹkan pamọ́: wọn a fi sípíkà kékeré bí àtẹ́lẹwọ́ sí àárín, wọn a sì fi wúfà ńlá bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá mi kì í yé sọ pé, "Ẹ gbé e sókè díẹ̀, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí," bẹ́ẹ̀ ni wúfà ń mi fèrèsé. Nígbà tí a fi sípíkà àárín tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò tàtijọ́, tí a gbé e sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ó sì dojú kọ etí wọn, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, a sì tún dín ohùn náà kù.

Ọ̀pọ̀ fíìmù àti ètò tí à ń wò níbí, ohùn apá ọ̀tún àti apá òsì nìkan ni wọ́n ní, nítorí náà sípíkà ẹ̀yìn kò ní ohun tirẹ̀ láti sọ àfi tí amplifier, ẹ̀rọ tí ń fún àwọn sípíkà lágbára, bá pín in fún un. Bí owó kò bá tó, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra amplifier tí ó ní àyè fún márààrún, kí ẹ so sípíkà iwájú méjì tí ó dára mọ́ ọn, kí ti àárín tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà wúfà. Ti ẹ̀yìn lè dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Mo fẹ́ràn tòkunbọ̀ tọkàntọkàn, nítorí sípíkà onígi tí ó ti òkèèrè dé sí Lọ́kọ́ja a máa dára ju tuntun oníke tí iye owó wọn jọra. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn amplifier kí ẹ tó sanwó: 100V ni iná ilé ní Jàpáàn, 120V ni ti Amẹ́ríkà, 230V sì ni tiwa. Èyí tí a ṣe fún 100V nìkan yóò jóná bí a bá so ó mọ́ iná wa láìsí tiránsífọ́mà tí ń dín iná kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí aṣọ iwájú sípíkà. Fóòmù tí ó yí bébà ohùn (èyí tí ń mì láti mú ohùn jáde) ká a máa gbó, a sì máa rún bí ìka bá kàn án. Ẹ fi ìka mẹ́rin yí bébà náà ká, kí ẹ rọra tì í wọlé déédéé. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Mo tún máa ń mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5V kan dání. Bí mo bá fi orí rẹ̀ kan ojú pupa tí a ń so wáyà mọ́ lẹ́yìn sípíkà, tí mo fi ìdí rẹ̀ kan dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yẹ kí bébà náà yọ síta díẹ̀. Bí ó bá wọlé dípò kí ó yọ, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti tú u rí, kí ó sì ti so wáyà inú rẹ̀ sódì. Bí irú èyí bá wà ní apá ọ̀tún tí èyí tí ó péye wà ní òsì, àwọn méjèèjì yóò máa pa ohùn ìsàlẹ̀ ara wọn.

Pálọ̀ wa níbí, ògiri sìmẹ́ǹtì àti táìlì ni, ohùn a sì máa ta padà. Kọ́tìnì tí ó nípọn àti rọ́ọ̀gì yóò ṣe yín láǹfààní ju wáàtì lọ. Ní ti wúfà, ẹ gbé e sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ máa rìn yí ẹ̀bá ògiri ká bí orin ti ń lọ. Ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti dán láìhó jù ni kí ẹ gbé e sí.

Kí ẹ tó sọ pé sípíkà kan kò ṣiṣẹ́, ẹ wọ inú ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n yín. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wà lórí PCM láti ilé iṣẹ́ wọn, ìyẹn ni pé tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló ń tú ohùn náà kí ó tó fi ránṣẹ́, èyí tí ó lè jẹ́ kí ohùn méjì nìkan dé ọ̀dọ̀ amplifier. Ẹ yí i sí bitstream, kí ó lè fi ohùn náà ránṣẹ́ bí ó ṣe wà fún amplifier láti tú, kí ẹ sì fi fíìmù tí wọ́n ṣe ní 5.1 dán an wò.