Ẹ tọ́ omi abúlé náà wò lóṣù Kẹta kí ẹ tó san owó ilé

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó máa gbé lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà Èkó, láti Tàkúwá Bay lọ sí apá Ìlàṣẹ, tí ọkàn yín sì ń ṣe méjì láàárín abúlé kan àti òmíràn, mo mọ ohun tí ẹ ń ṣírò: owó ilé, owó ọkọ̀ ojú omi, bóyá nẹ́tíwọ̀kì wà. Ẹ fi gbogbo ìyẹn sẹ́yìn ná. Omi kànga ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Inú mi ò tíì rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ fara da ohùn mi.

Ọ̀kan nínú abúlé méjì tí àwa ń wò kọjú sí òkun. Ilé gidi, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́yẹ́, kànga ẹ̀rọ oní-sùmó, ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sínú omi kó lè tì í sókè, wà nínú ọgbà, tánkì wà lókè. Èkejì wà ní ìhà ọ̀sà, ilé rẹ̀ ò jọni lójú, kànga onírìǹgì, tí wọ́n fi rìǹgì kọnkéré tò, ni gbogbo àdúgbò ń fà. Ta ni ò ní mú ti àkọ́kọ́? Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a ò tọ́ omi wò. A tọ́ ọ wò, ó dùn. Oṣù Keje ni, òjò ti rọ̀ títí ilẹ̀ ti mu ún yó. Omi erékùṣù wo ni kì í dùn lóṣù Keje?

Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, ọṣẹ ò hó mọ́. Ẹ ó máa fọ aṣọ, ọṣẹ á kàn máa ṣù pọ̀ sójú omi bíi wàrà tó ti bàjẹ́. Lóṣù Kẹta, ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru lóru. Omi inú ọ̀rá ti tán nílé, ìsọ̀ ti tì, ọkọ̀ kankan ò sì ní ná ọ̀nà lóru, òfin pàápàá ò gbà á láyè. Ìyá rẹ̀ gbé omi kaná kó lè po omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ilé ìwòsàn: omi líta kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ó ti bu iyọ̀ náà tán kó tó fi ahọ́n kan omi tó wà nínú ìkòkò. Ó da iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀ padà sínú agolo. Ó kàn wò mí ni.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín. Ọmọ tó ń ṣu omi, bí iyọ̀ inú ohun tí ẹ fún un bá pọ̀ jù, ńṣe ló tún máa fa omi ara rẹ̀ jáde. Sísè ò yọ iyọ̀ kúrò nínú omi. Bí ẹ bá sè é, omi á fà, iyọ̀ á kù síbẹ̀, á tún wá le sí i. Álọ́ọ̀mù ò yọ ọ́. Sísẹ́ pẹ̀lú aṣọ ò yọ ọ́. Omi àgbọn tí aládùúgbò kan já fún wa la fi ń tọ́ ọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó yá. A kó lọ sí abúlé kejì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ rèé. Omi adùn tó wà lábẹ́ erékùṣù, òjò ni. Ó ń rì gba inú iyanrìn, ó ń léfòó lórí omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, torí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ. Fún ẹsẹ̀ bàtà kan tí omi kànga bá fi ga ju ojú òkun lọ, omi adùn tó wà nísàlẹ̀ máa ń tó bí ẹsẹ̀ bàtà ogójì. Bó bá jẹ́ ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, ogún péré. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, òjò ò wọlé, àwọn èèyàn ń fà, omi adùn náà á tín-ín-rín. Àárín erékùṣù ni ó ti máa ń nípọn jù, ní etí ibẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, kànga tó jìn ò sàn ju èyí tí kò jìn lọ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ilẹ̀ ńlá, bó ṣe jìn tó ló ṣe dáa tó lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Sùmó tó ń fa omi kíkankíkan láti ìsàlẹ̀ á fa omi iyọ̀ gòkè wá bá a. Garawa tó ń bu omi lókè lókè, díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ìdí tí kànga onírìǹgì àwọn ará ìhà ọ̀sà fi dára ju ẹ̀rọ tiwa lọ nìyẹn: ilẹ̀ wọn fẹ̀, kànga wọn wà láàárín, kò sì jìn.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lọ ní ìparí oṣù Kẹta, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ fa garawa ogún léraléra, ẹ rọ èkíní sínú ìgò kan, ẹ rọ èyí tó kẹ́yìn sí òmíràn, ẹ tọ́ méjèèjì wò. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Bí ti ìkẹyìn bá níyọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, omi iyọ̀ ti ń gòkè. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà, TDS meter, tó ń wọn iyọ̀ àti nǹkan mìíràn tó ti yọ́ sínú omi, tó ṣe é fi sápò: bó bá ka nǹkan tí kò tó 500, ó dáa, bó bá kọjá 1000, ahọ́n ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ohun tó hù pẹ̀lú. Igi àgbọn ò lè ṣẹ̀rí fún yín, ó ń fara da iyọ̀. Ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ wá lọ. Ẹ má bi ajẹ́ǹtì, ẹ bi obìnrin tó ń fọ aṣọ.

Omi tó pọ́n, tó ń ba aṣọ funfun jẹ́, irin ló wà nínú rẹ̀, ẹ má fi dà á pọ̀ mọ́ iyọ̀. Ìyẹn rọrùn: ẹ máa dà á láti òkè sínú dúrọ́ọ̀mù kó lè gba atẹ́gùn, kó sùn, kí ẹ wá fi iyanrìn sẹ́ ẹ. Ṣálángá ńkọ́? Ó yẹ kó jìnnà sí kànga tó 30 mítà lórí ilẹ̀ oníyanrìn. Níbi tí ilé bá ti há, ẹ ò ní rí i.

Ẹ ka omi òjò náà mọ́ ọn. Òjò mílímítà kan lórí òrùlé mítà kan níbùú lóròó, líta kan ni. Òrùlé mítà 10 sí mítà 6 á fún yín ní bíi 500 líta nínú òjò mílímítà 10, lẹ́yìn èyí tó bá ta dànù. Èèyàn márùn-ún tó ń lo líta mẹ́wàá mẹ́wàá fún mímu àti sísè lójúmọ́, láti oṣù Kejìlá dé àárín oṣù Kẹta, á nílò bíi 5000 líta. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé dànù ná.

Àwọn nǹkan tó kù, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ẹ má gbélé nítòsí páìpù epo. Ní oṣù Kìíní 2020, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Tàkúwá Bay kúrò nítorí àwọn tó ń jí epo nínú páìpù, ìwé owó ilé kankan ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní ti pé òkun ń jẹ ilẹ̀, ẹnu ọ̀nà òkun Èkó ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: ògiri òkúta ibẹ̀ ń dá iyanrìn dúró sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ìhà ìlà-oòrùn, bíi Òkun Alfa, ló ń jìyà rẹ̀. Ìhà ọ̀sà ní tirẹ̀ ní ewé orí omi, water hyacinth, tó gba Badagry wọlé ní bíi 1984. Ó ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ láti bí oṣù Kẹsàn-án títí omi ọ̀sà á fi níyọ̀. Ó ń dí ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi ṣe omi mímu.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún padà sórí kànga. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ tiyín, ẹ gbẹ́ ẹ ní oṣù Kẹta yẹn kan náà, nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ tẹ rìǹgì sínú iyanrìn, kí ẹ sì dá a dúró nígbà tí omi inú rẹ̀ bá tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Agbẹ́kànga á sọ pé kí ẹ jẹ́ kí òun fi rìǹgì méjì sí i torí owó tirẹ̀ ni. Ẹ má gbà.