Epo Màmá mi
Lánàá, mo gbé ike epo pupa kékeré kan lọ sí láàbù wa. Màmá mi ló rà á. Wọ́n ní pípọ́n rẹ̀ ti pọ̀ jù, ọkàn àwọn ò balẹ̀. Ẹ̀rù Sudan IV ń ba èmi náà, aró pọ́líìṣì bàtà tí àwọn kan ń dà sí epo jíjẹ.

Mo kán epo náà sórí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi silica, ìyẹ̀fun funfun kan, tẹ́ lójú, mo kán ojúlówó Sudan IV sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ki ìdí àwo bọ hexane, omi kẹ́míkà kan tó ń yọ́ epo. Bí hexane ṣe ń gòkè ni àwọ̀ ń pínyà! Kárótíìnì, àwọ̀ tí Ọlọ́run fi sínú ẹyìn, sáré tẹ̀lé e dókè. Sudan IV tí mo kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń wọ́ bọ̀ nísàlẹ̀. Láti 1903 ni Mikhail Tswett, onímọ̀ nípa ewéko, ti fi irú ọgbọ́n yìí ya àwọ̀ ewé sọ́tọ̀. Lónìí, HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀, ń rí èyí tó kéré ju ohun tí ojú lè rí.

Mo gbé epo náà sí HPLC. Kò rí Sudan IV kankan. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo pe Màmá: "Ẹ máa se ọbẹ̀ yín, mà."