Ìlà Òjé Tó So Dígí Aláwọ̀ Pọ̀

Àwọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ fa ojú àwọn oníbàárà nídìí iṣẹ́ mi. Wọn a gbé ẹyẹ kékeré tí mo fi dígí aláwọ̀ aró àti pupa ṣe sókè sí oòrùn, wọn a yí i síhìn-ín, wọn a yí i sọ́hùn-ún, wọn a sì béèrè ibi tí mo ti rí irú dígí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn láti dáhùn ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọ̀ ni mo fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe lára ẹyẹ yẹn. Àwọ̀ ti wà nínú dígí kí n tó rà á. Iṣẹ́ ọwọ́ tèmi wà nínú àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ègé kan mọ́ èkejì, àwọn ìlà tí ó jẹ́ pé bí mo bá ṣe wọ́n dáadáa, ojú a fò wọ́n kọjá. Àwọn ni wọ́n ń pinnu bóyá dígí tí a so kọ́ ojú fèrèsé yóò wà níbẹ̀ fún ogún ọdún tàbí yóò já lulẹ̀ kí ọdún tó yípo, orí wọn náà sì ni iye tí mo ń pè lé iṣẹ́ mi dúró lé.

Oríṣi iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni dígí ìsokọ́ kékeré, tí a ń fi ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí okùn so mọ́ fèrèsé kí oòrùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó sì da àwọ̀ sára ògiri àti sílẹ̀. Èkejì ni pánẹ́ẹ̀lì, tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ní férémù, tí ègé dígí inú rẹ̀ sì lè lé ní igba. Ọ̀nà kan náà ni mo ń gbà ṣe méjèèjì, àfi pé ìwúwo pánẹ́ẹ̀lì ń bèèrè ohun tí dígí ìsokọ́ kì í bèèrè, mo ó sì padà sórí èyí.

Ní ti àwọ̀, irin àti àwọn ohun mìíràn tí a ń wà nínú ilẹ̀ ni àwọn tí ń yọ́ dígí ń pò mọ́ ọn nígbà tó ṣì gbóná. Kóbọ́ọ̀tì ni ó ń fún un ní àwọ̀ aró, irin a máa sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé, wúrà díẹ̀ sì ni ó ń bí pupa rẹ́súrẹ́sú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn, ìdí sì nìyẹn tí dígí aláwọ̀ yìí fi máa ń wọ́n ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Dígí kan wà tí ó mọ́ gaara, tí ènìyàn lè rí igi ìta láti inú rẹ̀. Òmíràn wà tí ó ṣókùnkùn díẹ̀ bí ìkùukùu, tí ń gba ìmọ́lẹ̀ sára kí ó tó tú u ká. Ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ John La Farge gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ lórí lílo oríṣi kejì yìí fún fèrèsé ní ọdún 1880. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń tà á, nítorí pé dígí tó mọ́ gaara a máa kú bí ilẹ̀ bá ti ṣú, nígbà tí èkejì ṣì máa ń ní àwọ̀ díẹ̀ lójú bí iná ilé bá tàn sí i. Mo máa ń sọ èyí fún oníbàárà kí ó tó sanwó.

Títí di bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pá òjé ni wọ́n fi ń so dígí aláwọ̀ pọ̀: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ihò gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí a ń ki etí dígí bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe so àwọn fèrèsé ilé ìjọsìn ńlá tó wà ní Chartres ní ilẹ̀ Faransé, tí púpọ̀ nínú dígí wọn ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá. Dígí kì í rẹ̀, ṣùgbọ́n òjé máa ń rẹ̀; irú àwọn fèrèsé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń tú wọn palẹ̀, wọn a pààrọ̀ òjé wọn, wọn a sì tún dígí kan náà tò padà. Téèpù bàbà tí èmi ń lò, tí a ń wé mọ́ etí ègé dígí kí a tó fi òjé yíyọ́ so wọ́n pọ̀, dé lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ Louis Comfort Tiffany, oníṣẹ́ dígí ará Amẹ́ríkà, ni ó sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀, nítorí pé ó jẹ́ kí wọ́n lè so ègé tó kéré gan-an pọ̀, kí wọ́n sì ṣe àtùpà tí ó rí roboto, èyí tí ọ̀pá òjé kò lè ṣe wọ́ọ́rọ́.

Láti orí gígé dígí ni ìlà tó dára ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ dígí kì í gé dígí. Kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ a máa fa ojú ọgbẹ́ kan sí i lára, ojú ọgbẹ́ yìí ni dígí yóò sì tọ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ kí ó là. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń fà á. Bí a bá tún ọ̀bẹ fà lójú ibi kan náà, dígí lè là gba ibi tí ó wù ú, ẹnu ọ̀bẹ náà yóò sì bàjẹ́. Ibi tó bá tẹ̀ wọnú ni ó le jù, nítorí dígí fẹ́ràn láti là tààrà, a sì ní láti máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí a tó dé ojú ìlà tí a fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni mo ń lọ etí ègé kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ tí omi ń rin ín, kí eruku dígí má baà fò sínú ẹ̀dọ̀fóró mi, títí tí gbogbo ègé yóò fi jókòó sórí bátànì, ìyẹn àwòrán tí mo ń tẹ̀ lé, láìsí pé wọ́n ń tì ara wọn, láìsí àlàfo gbàràmù láàárín wọn. Àlàfo tó fẹ̀ ṣeé fi òjé dí, ojú oníbàárà sì lè má rí i, ṣùgbọ́n ìlà náà yóò fẹ̀ níhìn-ín, yóò tín-ín-rín lọ́hùn-ún.

Òjé yíyọ́ kì í lẹ̀ mọ́ dígí rárá, bàbà ni ó ń lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi téèpù bàbà wé etí ègé kọ̀ọ̀kan yípo. Dígí tí mo ń lò nípọn tó mílímítà 3, téèpù mi sì fẹ̀ tó mílímítà 5.6, bí mo bá gbé dígí sí àárín gbùngbùn téèpù, yóò ku díẹ̀ ju mílímítà kan lọ láti tẹ̀ sójú àti sẹ́yìn dígí. Bí téèpù bá yà sí apá kan, ibẹ̀ ni òjé kò ti ní rí ohun tó pọ̀ tó dìmú, ìlà náà yóò sì wọ́. Mo máa ń tú téèpù tó yà kúrò kí n tún un wé. Iṣẹ́ yìí ń gba sùúrù, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é bí ìka ọwọ́ ti ń ṣe é.

Nígbà náà ni ó wá kan iná. Òjé ìsopọ̀ tí mo fẹ́ràn jẹ́ àdàpọ̀ tánńganran ìdá 60 àti òjé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ ní 183 °C, kò sì ju nǹkan bí 190 °C lọ tí yóò fi yọ́ tán. Nítorí pé àlàfo àárín méjèèjì kéré, kíákíá ni ó máa ń dì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á yọ roboto. Èyí tí tánńganran àti òjé inú rẹ̀ dọ́gba ní láti gbóná tó nǹkan bí 215 °C kí ó tó yọ́ tán, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó dì, nítorí náà ojú rẹ̀ a máa tẹ́. Mo ń kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun fílọ́ọ̀sì, oògùn olómi tí ń bó ìpẹtà kúrò lára bàbà, kí n tó gbé irin gbígbóná, irú èyí tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe ń lò, lé e. Lẹ́yìn náà, mo ń wọ́ irin náà lọ ní ìwọ̀n ìyára kan náà, kí òjé lè sàn wọ inú àlàfo láàárín ègé méjì kí ó tó wú sókè lójú. Bí mo bá dúró pẹ́ jù lójú kan, dígí yóò gbóná jù níbẹ̀, yóò sì là. Bí mo bá yára jù, òjé yóò kàn bo ojú lásán, inú yóò ṣófo. Ẹni tó ń rà á kò lè mọ ìyàtọ̀ ìlà tí inú rẹ̀ kún àti èyí tí inú rẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ tó rà á, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yìí ni mo ka sí iṣẹ́ mi gan-an.

Fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ pàtàkì mú ọ̀rọ̀ òjé. Kì í ṣe èéfín òjé ni ó jẹ́ ewu ńlá níbi ooru tí a ń lò. Èéfín tó ń rú jẹ́ ti fílọ́ọ̀sì, ó sì yẹ kí fèrèsé ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbé e jáde. Òjé máa ń gba ọwọ́ wọ ẹnu. Ẹ má ṣe jẹun, ẹ má ṣe mu omi nídìí iṣẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó kan ohunkóhun mìíràn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí aláboyún wà nítòsí tábìlì yín.

Ìkọ́ ni ibi tí mo ti máa ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ó rọrùn láti jó òrùka wáyà mọ́ téèpù bàbà tó wà ní etí òde, ó sì máa ń lẹ́wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù lásán ni ó so téèpù yẹn mọ́ dígí. Nígbà tí oòrùn bá ti ń mú un gbóná lójoojúmọ́, ìwúwo iṣẹ́ náà yóò fa téèpù náà bó. Ibi tí ìlà kan ti inú wá pàdé etí ni mo ń jó ìkọ́ mọ́, tí mo sì ń jẹ́ kí ìrù wáyà bàbà rẹ̀ wọ inú ìlà náà lọ sísàlẹ̀, kí gbogbo egungun iṣẹ́ náà lè jọ gbé ẹrù. Ní ti pánẹ́ẹ̀lì, ìwúwo kì í ṣe eré rárá: dígí onímílímítà 3 tí ó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó wúwo tó kílógíráàmù 7.5, nítorí náà èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 40 yóò wúwo tó kílógíráàmù 1.8 kí a tó ka òjé àti férémù. Rọ́bà tí ń lẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé kò tó fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ara igi ni kí a kan ìkọ́ rẹ̀ mọ́. Láti orí bátànì ni mo sì ti ń ṣọ́ra kí ìlà kan má baà lọ tààrà láti etí dé etí, nítorí ibẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì yóò ti fẹ́ ká. Bí àwòrán bá sọ pé dandan ni kí irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà, mo ń fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ kí n tó da òjé bò ó.

Lẹ́yìn èyí, mo ń fọ gbogbo rẹ̀ kí fílọ́ọ̀sì tó ṣẹ́kù má baà jẹ òjé, mo ń pa àwọn ìlà náà láró dúdú bí oníbàárà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ń fi ìda nu gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ègé ni èmi ń kà, nítorí ègé kọ̀ọ̀kan ni mo gé, tí mo lọ̀, tí mo wé, tí mo sì jó lójú àti lẹ́yìn. Òdòdó kékeré tí ó ní ogójì ègé yóò gba àkókò ju pánẹ́ẹ̀lì ńlá tí ó ní mẹ́wàá lọ. Mo ń fi owó dígí kún un, títí kan èyí tó ṣẹ́kù tí kò wúlò mọ́, nítorí bátànì tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ máa ń fi dígí púpọ̀ ṣòfò. Mo ń fi owó òjé, téèpù, páálí àti ohun tí ọjà ń gbà lọ́wọ́ olùtajà kún un pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá sọ pé kí n bá òun dín in, mo máa ń fi bátànì tí ègé rẹ̀ kò pọ̀ hàn án. N kò lè dín in lórí bátànì kan náà, nítorí ibi kan ṣoṣo tí mo lè ti rí owó náà yọ ni inú àwọn ìlà, níbi tí kò ti ní rí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí n ṣe pánẹ́ẹ̀lì fún fèrèsé tirẹ̀ ní láti san ìdajì owó kí n tó gé dígí kankan, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí fèrèsé rẹ̀ yóò bá ìwọ̀n yẹn mu.

Mo ń ya àwòrán iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì fún títà: ọ̀kan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lẹ́yìn rẹ̀, èkejì lórí tábìlì láìsí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Àwòrán kejì kì í wu ènìyàn tó àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ni ó ń fi àwọn ìlà hàn, ẹni tó bá sì rà á lẹ́yìn tó ti rí méjèèjì kì í dá a padà. Mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé òjé wà nínú rẹ̀, pé kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Bí mo bá lo dígí tó wú roboto, mo tún ń kọ ọ́ pé kí wọ́n má ṣe so ó kọ́ sítòsí aṣọ tàbí ìwé, nítorí irú dígí bẹ́ẹ̀ lè kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan títí tí iná yóò fi ràn.

Nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá ń rìnrìn àjò, ìnàró ni ó gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ìdùbúlẹ̀, nítorí orí férémù rẹ̀ ni ó ti lágbára. Páálí méjì ni mo ń fi sí, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú fóòmù yí i ká. Mo máa ń fi ìwé kékeré kan sínú rẹ̀ tó ń ṣàlàyé pé aṣọ gbígbẹ ni kí wọ́n fi nù ún, pé kí wọ́n má ṣe lo omi ìfọdígí oníkẹ́míkà, kí wọ́n máa yẹ ìkọ́ àti ẹ̀wọ̀n rẹ̀ wò látìgbàdégbà, àti pé bí ègé kan bá là, mo lè yọ ọ́ kí n fi òmíràn sí i láìtú ìyókù palẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlà ni ó já fúnra rẹ̀, n kò ní gba owó lórí àtúnṣe rẹ̀.