Sloth tí mò ń rán ní Yábà: ìrun ti dé, ó sì tún di títú

Sátidé

Ara sloth mi, ẹran orí igi tó ń rọra rìn, ti dúró. Aṣọ aláwọ̀ eérú tí mo rà ní Tẹ́júoṣó ni mo fi rán an. Mo ki òwú ìrọ̀rí bọ inú rẹ̀, mo sì fi wáyà tó nípọn ṣe egungun apá àti ẹsẹ̀. Sloth oníka mẹ́ta ni mo yàn, èyí tí apá rẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ lọ dáadáa. Oníka méjì náà wà nínú igbó Gúúsù Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ni ìka rẹ̀ ti jẹ́ méjì. Tó bá di ti ẹsẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta ni gbogbo wọn ní. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ kò wo ìsàlẹ̀.

Ọrùn ló fi mí ṣẹ̀sín. Ìlẹ̀kẹ̀ onígi ni mo sín sórí wáyà kí orí lè máa yí. Méje ni mo kọ́kọ́ sín, torí méje ni egungun ọrùn èèyàn, méje náà sì ni ti àgùnfọn pẹ̀lú gbogbo gígùn ọrùn rẹ̀. Àṣé ti sloth oníka mẹ́ta jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án! Mo fi méjì kún un. Ní báyìí, ó ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ láìyí èjìká.

Túsìdeè

Àtáṣímẹ́ǹtì ni ìrun rẹ̀, pákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin láti Balógun. Àbúrò mi obìnrin tó ń dirun ní Ojúẹlẹ́gba ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gán an lẹ́sẹẹsẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí ikùn, bí ti ajá, bí ti ewúrẹ́. Ìlà mọ́kànlá! Mo gbé e kọ́ ọ̀pá kọ́tíìnì, gbogbo ìrun sì ṣí sílẹ̀ bí ìgbà tí ìjì gbé síkẹ́ẹ̀tì.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. "Bọ̀dá mi, ẹ ti rán an sódì. Ṣé kì í ṣe òkè ni ikùn rẹ̀ ń wò ni?"

Òótọ́ ni. Ẹran tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ so rọ̀, àárín ikùn ni ìrun rẹ̀ ti là, tó wá ń wọ́ lọ sí ẹ̀yìn kí òjò lè ṣàn kúrò lára rẹ̀. Òru méjì ni mo fi tú u pẹ̀lú abẹ àti tọ́ọ̀ṣì, torí kò síná.

Sátidé kejì

Èékánná: ìwo màlúù láti Agége, gígùn rẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta. Bí mo ṣe ń fi fáìlì ha á ni òórùn gba ilé kan. Ìyá Kẹ́hìndé yọjú lójú fèrèsé.

"Ta ló ń sun irun? Háà, ẹran ọ̀lẹ orí fóònù yẹn nìyí?"

"Kì í ṣọ̀lẹ, mà. Ewé ló ń jẹ. Ewé kò lókun tó bẹ́ẹ̀ nínú, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní ikùn kó tó dà."

Ẹni tí owó rẹ̀ kéré kì í náwó bí olówó. Mi ò rí ọ̀lẹ níbẹ̀.

Sọ́ńdè

Àwọ̀ ewé ló kù. Irú ohun tútù tó ń hù lára ògiri ilé wa lásìkò òjò ló máa ń hù lára ìrun sloth, torí ìrun náà ní ojú sísán tí omi ń dúró sí. Àtáṣímẹ́ǹtì dán ní tiẹ̀, aró kò mú un. Ọ̀dà ni mo padà fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ògbólógbòó tọ́ sí i lẹ́yìn. Mo tún fi bébà gé àfòpiná kan, mo fi pamọ́ sínú ìrun. Irú rẹ̀ ń gbé lára sloth lóòótọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, nígbà tí ẹran náà bá sọ̀kalẹ̀ wá yàgbẹ́ sídìí igi, bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ó ti wà lára irin fèrèsé láti àná, èékánná nìkan ló gbé e ró. Kẹ́hìndé ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta ìgbà tó máa sọ̀kalẹ̀.

Mo ní kó padà wá ní Sátidé.