Ferrara: ilé akéwì, ilé ọtí

Ọjọ́ Ẹtì

Kẹ̀kẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń gùn ní Ferrara, ìlú Ítálì yìí. Ìyá àgbàlagbà kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá fìrì, ewébẹ̀ kún agbọ̀n iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kan ló fi dì í mú, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ ni. Odi ìlú àtijọ́ tó kìlómítà 9, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń nàjú.

Ìdílé Este ló ń jọba níbí títí Póòpù fi gba ìlú náà lọ́wọ́ wọn ní 1598. Ààfin wọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1385, ṣì wà láàárín ìlú, yàrà olómi yí i po. Mo ya fọ́tò, mo bá tèmi lọ.

Ilé Ludovico Ariosto ni mo bá wá, akéwì tó kọ Orlando furioso, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní Ferrara níbí ní 1516. Ilé bíríkì ni, kò ga, kò fẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìnì kan wà lára ògiri iwájú: ilé yìí kéré, ṣùgbọ́n ó tó mi, n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè lórí rẹ̀, kò dọ̀tí, owó ara mi ni mo sì fi rà á. Ẹ̀rín pa mí. Ẹni tí wọ́n ti rán níṣẹ́ kú ló ń kọ irú èyí sára ilé! Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sin Kádínà Ippolito, ọmọ ìdílé Este, títí Kádínà fi ní kó bá òun lọ sí Họ́ngárì ní 1517, tó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kádínà, Alfonso, tó ń jọba nígbà náà, gbà á síṣẹ́, ó sì rán an lọ ṣe gómìnà Garfagnana láti 1522 di 1525, orí òkè tí olè pọ̀ sí bí kí ni. Ìgbà tó bọ́ níbẹ̀ ló wá ní ilé yìí.

Torquato Tasso, akéwì mìíràn, ò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní. Alfonso Kejì, tó jọba lẹ́yìn náà, sọ pé orí Tasso ti dàrú, ó tì í mọ́ ilé ìwòsàn Sant'Anna láti 1579 di 1586. Àtìmọ́lé yẹn ló wà tí ewì ńlá rẹ̀ fi jáde ní 1581. Ọwọ́ tó ń bọ́ ọ náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo yà sí Al Brindisi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà. Wọ́n ní láti 1435 ni wọ́n ti ń ta wáìnì níbẹ̀. Wọ́n tún ní Copernicus, onímọ̀ ìràwọ̀ nì, tó gboyè nínú òfin ìjọ ní Ferrara ní 1503, gbé lókè ibẹ̀ rí. Èmi ò bá onílé ọtí jiyàn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní Fortana, wáìnì pupa tí àjàrà rẹ̀ ń hù nínú iyanrìn etí òkun. Ó kan díẹ̀, ó sì ń fa ahọ́n bí obì tútù. Búrẹ́dì wọn ní ìwo mẹ́rin. Mo ṣẹ́ ọ̀kan, ó dún kàà. Lẹ́yìn náà ni cappellacci dé, irú pásítà kan, elégédé ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ó dùn jù fún mi, bíi ṣúgà.

Ariosto kọ ọ́ pé ohun tí òun bá fọwọ́ ara òun sè nílé òun dùn lẹ́nu òun ju àsè ilé ẹlòmíràn lọ. Mo gbà, àmọ́ kò mu Fortana yìí lónìí.

Lọ́la, ilé ìkàwé Palazzo Paradiso. Ibẹ̀ ni àwọn Faransé gbé egungun Ariosto lọ ní 1801.