Láti Houston dé Pecos: mo lọ wo títì tí owó epo ń tún ṣe

Aago mẹ́rin ìdájí la gbéra ní Houston, èmi àti Bọ̀dá Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Tírélà ni wọ́n ń wà níbi tí wọ́n ti ń wa epo lápá ìwọ̀ oòrùn Texas, ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní "kí lo fẹ́ lọ wò, eruku àbí iná?"

Katy Freeway la gbà jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ mọ̀ pé títì yẹn kì í ṣe kékeré, láwọn ibì kan tẹ́ ẹ bá ka lénì ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́, ó tó 26. Àwọn lénì olówó wà láàárín. Bọ̀dá ò tiẹ̀ wo ibẹ̀, wọ́n ní ta là ń sá fún láago mẹ́rin ìdájí tá a fi máa sanwó.

A kọjá San Antonio, a kọjá Junction, lẹ́yìn ìyẹn òkúta àti igbó kúkúrú ló kù, wọ́n gbà yín láyè kẹ́ ẹ sá 80 máìlì láàárín wákàtí kan, oorun gbé mi lọ. Ọ̀sán la dé Fort Stockton, ibẹ̀ la ti yà sórí títì 285 tó lọ sí Pecos, oorun dá lójú mi wàràwàrà. Tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, èyí gbé iyanrìn, èyí gbé omi, èyí gbé epo rọ̀bì. Ikú títì yìí pọ̀ débi pé àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Death Highway. Lọ́ọ̀ọ́kán, iná gààsì ń jó lókè páìpù. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí o, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé irú iná yẹn fún mi, láti kékeré la ti ń rí i lójú òkun lálẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹ títì lójú, bẹ́ẹ̀ la dúró sójú kan fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Bọ̀dá ní "ṣó o rí epo tá a ń gbé yìí, òun náà ló ń sanwó títì yìí." Mo ní ẹ ṣàlàyé.

Ní Texas wọn kì í yọ owó orí ìpínlẹ̀ lára owó oṣù èèyàn, àmọ́ epo rọ̀bì tó bá ti jáde nínú ilẹ̀, ìjọba á gba 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀, ti gààsì jẹ́ 7.5. Wọ́n wá fi iye tí wọ́n rí gbà lọ́dún 1987 ṣe ìlà, ohun tó bá lé lórí ẹ̀, wọ́n á ya ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sọ́tọ̀. Tẹ́lẹ̀, kóló kan ni gbogbo ẹ̀ ń wọ̀, Rainy Day Fund, èyí tí wọ́n dìbò dá sílẹ̀ ní 1988, nítorí owó epo ti já wálẹ̀ ní 1986, ojú wọn rí màbo. Nígbà tó di November 2014 wọ́n tún dìbò, bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá gbà pé kí wọ́n pín in, ó kéré tán ìdajì fún kóló, ìyókù fún títì, kò sì gbọdọ̀ wọ títì tí wọ́n ti ń gbowó tóòlù. Èmi tí tóòlù ń jẹ owó mi lóṣooṣù, ibí yẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Ṣùgbọ́n owó yẹn ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ o. Lọ́dún 2014 títì gba 1.74 bílíọ̀nù dọ́là, ní 2016 ó di 440 mílíọ̀nù, nígbà tó di 2022 ó lé ní mẹ́ta bílíọ̀nù. Báwo lèèyàn ṣe ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ pète títì tó máa gba ọdún mẹ́wàá? Tírélà tó ń mú owó wá náà ló tún ń fọ́ títì ọ̀hún. Bọ̀dá ní ìyẹn ò kan àwọn.

Mo wá rántí ilé, Nàìjíríà. Àwa náà ní kóló, Excess Crude Account tí owó epo tó bá lé ń wọ̀, 2004 la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó tó bí ogún bílíọ̀nù dọ́là nígbà kan, nígbà tó di 2023, iye tí wọ́n kéde ni 473,754 dọ́là. Ẹ gbọ́, ilé kan ní Katy lẹ́bàá Houston nìyẹn, tí wọn ò bá tiẹ̀ fi owó lé e. Ti Texas, òfin ìpìlẹ̀ wọn ló so ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ ná an sórí ohun tó wù wọ́n, ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin tó wà níjòókòó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tiwa, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀ wọ́ra wọn dé kóòtù lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó so nǹkan kan mọ́lẹ̀ títí ó fi gbẹ.

Wọ́n wá jẹ́ ká kọjá. A ò tíì rìn jìnnà tí òkúta kan fò wá láti abẹ́ tírélà iwájú, pàá! gíláàsì mọ́tò là láti igun dé igun. Mo pariwo, Bọ̀dá ò tiẹ̀ tẹ bírékì. Wọ́n ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí lọ́dún yìí, kóló ò sì ní san án.